Má Pariwo Mọ́ Mi

Sátidé, 6 oṣù kẹsàn-án

Wọ́n pariwo mọ́ mi lónìí. Ọmọ tí kò ju Sofiyullah ọmọ mi lọ.

Kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tó yẹ. Ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ìwakọ̀ eré ni wọ́n ṣí sẹ́yìn ìlú Ẹ̀rìn, lórí ilẹ̀ tí ilé iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù kan pa tì. Wọ́n da ọ̀dà sí i, ọ̀nà náà ń lọ kọ́lọkọ̀lọ, ó ń yí padà wá síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rìn ni ọ̀gá wọn fi í sí kí ẹnikẹ́ni má baà ní ilẹ̀ Ìlobù ni tàbí ilẹ̀ Ìfọ́n ni. Ọlọ́gbọ́n ni. Dígí dúdú kì í kúrò lójú rẹ̀, nítorí náà Ọ̀gá Dígí ni màá máa pè é níhìn-ín. Ó ní Sátidé mẹ́rin ni ẹ̀kọ́ àwa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe é dáadáa nínú wa yóò dúró ti òun, yóò di olùkọ́, yóò sì gba yàrá kan nínú kọ́tà àwọn òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá.

Yàrá. Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ni mo gbọ́. Ìyókù, afẹ́fẹ́ gbé e lọ.

Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi wa bọ́ọ̀sì àwọn tíṣà láti Ìlobù dé Òṣogbo, mi ò gbá adìẹ rí. Kí ni wọ́n tún fẹ́ kọ́ mi? Mo ṣáà dé hẹ́límẹ́ẹ̀tì lé híjáàbù mi, mo wọlé. Golf pupa ni, wọ́n ti tú gbogbo àga ẹ̀yìn rẹ̀, irin ni wọ́n fi dè é nínú. Olùkọ́ tí wọ́n fún mi jókòó sápá ọ̀tún. Nehemiah lorúkọ rẹ̀. Mo béèrè ìlú rẹ̀. Ìfọ́n.

Ìlobù lèmi, àwọn ni a bá jà lórí ilẹ̀.

A dé kọ́nà àkọ́kọ́. "Bíréèkì!" Mo ta gìrì. "Tú u! Wo iwájú! Gáàsì!" Àfi bí ẹni ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí gaàrí tí wọ́n sá.

Mo pa ọkọ̀ sáàárín ọ̀nà. Mo ní ta ni o ń bá sọ̀rọ̀? Mo ní ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé nìyẹn, àbí torí pé ará Ìlobù ni mí? Gbogbo wọn gbọ́. Ọmọ náà bọ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ọ̀dà gbígbóná. Ẹ má bínú mà, kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́ mà. Ọ̀gá Dígí sáré dé. Ó ní Màmá, nínú ọkọ̀ yìí kò sí àgbà, kò sí ọmọdé, ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ kúrú ni. Mo dá a lóhùn pé níbi tí wọ́n ti bí mi, kò síbi tí àgbà kì í ti í jẹ́ àgbà. Ó gbọn orí, ó lọ.

Kí n má purọ́ fún ìwé. Ó dùn mọ́ mi bó ṣe ń dọ̀bálẹ̀ yẹn. Ó dùn mọ́ mi gan-an.

Sọ́ńdè, 7

Ìyàwó Àkànmú, àbúrò mi tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ti tún ti kíṣìnnì pa. Ó ní nítorí eku ni. Mo mọ eku tó ń sọ.

Wẹ́sìdeè, 10

Mo gba ibi ilé wa kọjá lónìí. Koríko ti bo àwókù. Nígbà ìjà ilẹ̀ ni wọ́n sun ún, ilé tí bàbá Sofi kọ́ kó tó kú. Bọ́ọ̀sì mi wà nínú ọgbà, wọ́n fi iná sí òun náà. Ó ku férémù. Àwọn ọmọ kan ń fi í ṣe gòólù bọ́ọ̀lù.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń gbé yàrá ẹ̀yìn lọ́dọ̀ Àkànmú. Àkànmú kò burú. Ṣùgbọ́n kò ní ẹnu lọ́ọ̀dẹ̀ rẹ̀, ìyàwó ló ní ẹnu. Mo ń tọrọ ààyè kí n tó gbé ìkòkò kaná. Èmi Mùíbátù, tí àwọn tíṣà máa ń dúró dè ní kùtùkùtù bí wọ́n ṣe ń dúró de owó oṣù.

Wọ́n máa ń ní kí n fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Mo ti fi í lé E lọ́wọ́. Mo kàn ń wò ó bóyá Ó ti gbà á ni.

Sátidé, 13

Ẹ̀kọ́ kejì. Ọmọ Ìfọ́n ti yí padà pátápátá. Ẹnu ti di oyin. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tẹ bíréèkì díẹ̀." "Ẹ kú iṣẹ́ mà, ẹ lè tú u wàyí mà." Mo ti sọ ọ́ ní Ẹ-Jọ̀ọ́-Mà. Báyìí ló yẹ kí ọmọ máa bá àgbà sọ̀rọ̀.

Ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀ kò ṣòro lẹ́nu. Tẹ bíréèkì kí kọ́nà tó dé, nígbà tí ọkọ̀ ṣì dojú kọ iwájú. Tú ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kí ojú ti ṣáájú rẹ dé ibi tí o ń lọ. Jẹ́ kí táyà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan kóònù, òpó rọ́bà kékeré tí wọ́n fi sàmì sí kọ́nà, èyí tó wà nínú lọ́hùn-ún, lẹ́yìn náà, gáàsì. Ṣùgbọ́n kí ojú tó ṣẹ́ ni gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ parí. Ibẹ̀ ni mo ti ń ṣubú. Kò sí kọ́nà tí mi ò ti pẹ́ díẹ̀.

Treasure ń kọ́ lọ́dọ̀ ọmọ yìí náà. Ọmọ Òṣogbo ni, pólì ló ń lọ, ṣingọ́ọ̀mù kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Kò wá ibi iṣẹ́ rárá, ó ní òun kàn fẹ́ràn eré ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkọ̀ ń kú mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Lónìí, eré rẹ̀ ti ju tèmi lọ. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, mò ń gbọ́ ohùn Ẹ-Jọ̀ọ́-Mà láti inú ọkọ̀ wọn: "Bíréèkì! Tú u! Ojú ẹ dà?" Ọmọbìnrin náà ń rẹ́rìn-ín kẹ̀kẹ̀.

Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Ọmọ Ìfọ́n kò fẹ́ kí ará Ìlobù gba yàrá yẹn. Ògidì ló ń fún Treasure, ó ń bomi la tèmi. Wọ́n sun ilé mi tán, wọ́n tún fẹ́ gba yàrá.

Mọ́ńdè, 15

Ìyàwó Àkànmú bi mí níwájú àlejò pé ìgbà wo ni "ẹ̀kọ́ eré" mi máa parí. Mo ní kò ní í pẹ́. Àkànmú ń wo ilẹ̀.

Sátidé, 20

Òjò rọ̀ mọ́jú. Pápá ń yọ̀. Mo yí po lẹ́ẹ̀kan bí òkòtó, ọkọ̀ dojú kọ ibi tí mo ti ń bọ̀. Ẹ-Jọ̀ọ́-Mà ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ẹ kú ewu mà." Mo bú jáde. Mo ní o mọ ohun tí ò ń ṣe fún mi. Mo ní o ń kọ́ ẹlòmíì, èmi lò ń fi ṣeré. Mo ní tí ẹ bá kórìíra wa, ẹ kúkú sọ ọ́ lójú. Ó ní, "Rárá mà. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ ni mò ń sọ fún yín mà."

Nígbà tí a ń fọ ẹrẹ̀ kúrò lára ọkọ̀ ni Treasure sún mọ́ mi. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú sí mi o. Ọ̀rọ̀ tó ń bá yín sọ ti gùn jù. Kó tó parí ẹ-jọ̀ọ́-mà, kọ́nà ti dé. Ẹ ní kó máa pariwo mọ́ yín bó ṣe ń pariwo mọ́ mi."

Mo ní kí ó máa jẹ ṣingọ́ọ̀mù rẹ̀.

Mo délé, mo wẹ̀, mo kírun. Mo jókòó sórí àpótí, mo na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni di sítíárìn ọkọ̀ mú. Mo sọ ọ́ jáde: "Bíréèkì." Mo tún wá sọ ọ́ bíi tirẹ̀: "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tẹ bíréèkì díẹ̀." Mo sọ méjèèjì lásọtúnsọ. Ìyàwó Àkànmú yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó wò mí, ó padà.

Treasure kò purọ́. Mi ò mọ ẹni tí mò ń bínú sí mọ́.

Túsìdeè, 23

Mo lọ gbé gaàrí ní Ẹ̀rìn. Ẹ-Jọ̀ọ́-Mà ló wà ní ibi tí a ti ń dúró de ọkọ̀ Òṣogbo. Ó ń lọ ra nǹkan sí ọkọ̀ wọn. Bó ṣe rí mi, ó gbé ọ̀rá ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀.

Ó ní, "Màmá, Sátidé yìí le o mà. Ìdánwò ni. Wọ́n máa kó kóònù tó ń júwe ibi tí a ti ń tẹ bíréèkì kúrò. Ẹnu mi nìkan lẹ máa máa gbọ́." Ó ń fi ìka fa ọ̀rá yẹn. "Mà, ṣé mo lè máa pe bíréèkì ní kúkúrú fún yín lọ́jọ́ yẹn? Ọjọ́ yẹn nìkan ni mà."

Bẹ́ẹ̀ ni ló yẹ kí n sọ. Ó ti dé ahọ́n mi. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin Ìlobù méjì wà níbẹ̀ tí wọ́n mọ̀ mí dáadáa. Rísíkátù tí ilé tirẹ̀ náà jó wà nínú wọn. Ó ń wo ẹnu mi. Ọmọ Ìfọ́n ló ń gbààyè kí òun pariwo mọ́ mi, lójú wọn.

Mo ní, "Bí o ṣe ń bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀ ni kí o ṣe máa bá mi sọ̀rọ̀."

Ó ní, "Ó dáa mà."

Rísíkátù ní mo ṣe é dáadáa. Mo gbé gaàrí mi, mo padà sílé.

Sátidé, 27

Kò sí ohun tó ṣe ara mi. Ara tèmi. Mi ò lè kọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Sọ́ńdè, 28

Ó yẹ kí n kọ ọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í purọ́ rẹ̀ fún ara mi.

Treasure ló kọ́kọ́ lọ. Ó dáa púpọ̀. Ó kàn mí. Mo ṣe bísímílà, mo di bẹ́líìtì. Ìyípo kìíní lọ geere. Ìkejì dára jù ú lọ, mo mọ̀ ọ́n nínú ìdí àti nínú ọwọ́ mi. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ mà, ó ti ń bọ́ sí i gan-an mà." Mo ti ń rí yàrá yẹn lójú mi: fèrèsé rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ìkòkò mi lórí iná láìtọrọ lọ́wọ́ ẹnì kan.

Ìyípo kẹta. Lójú ọ̀nà gbọọrọ tó lọ sí kọ́nà òkìtì, mo tẹ gáàsì délẹ̀. Òkìtì yẹ̀pẹ̀ tí ilé iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù fi sílẹ̀ ni, ọjọ́ ti pẹ́ lórí rẹ̀, ó ti le koránkorán. Mi ò sáré bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ẹnu rẹ̀ ni mò ń dúró dè.

Ó ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ —"

Ibẹ̀ ló mọ. Nígbà tí mo rí òkìtì ni mo tẹ bíréèkì, ọkọ̀ sì ti wà nínú kọ́nà. Ìdí ọkọ̀ yọ̀ síta. Apá ọ̀tún ló lọ gbá òkìtì. Apá ọ̀dọ̀ tirẹ̀.

Eruku. Mo ń gbọ́ ẹni tó ń ké. Ìgbà tí eruku rọlẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé èmi ni. Òun kò ké. Ó ń wo orúnkún rẹ̀ bí ẹni tó ń wo nǹkan onínǹkan. Ó ní, "Mà, ṣé kò sí ohun tó ṣe yín?"

Ó lè pariwo. Ẹnikẹ́ni ì bá pariwo nígbà tí ikú ń bọ̀ níwájú. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti mú un dọ̀bálẹ̀ ló ti ń kọ́ ẹnu rẹ̀ kí ó má pariwo mọ́ mi. Ẹnu náà ti gbọ́ràn.

Tọ́sìdeè, 2 oṣù kẹwàá

Mo lọ wò ó nílé ìwòsàn ní Òṣogbo. Mo ra ọsàn dání. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù títí nọ́ọ̀sì fi bi mí pé ta ni mò ń wá.

Ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀. Tíṣà ni. Mo ti ń múra èpè sílẹ̀ de ara mi, mo ti mọ ohun tí màá ṣe tó bá já híjáàbù mọ́ mi lórí. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó kí mi. Ó ní ẹ kú ìrìn mà, ẹ kú ewu mà, Ọlọ́run ò ní í jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́. Ó tún ní, "Ẹ ò rántí mi? Mo máa ń wọ bọ́ọ̀sì yín ní Ẹ̀rìn. Ẹ máa ń dúró dè mí tí mo bá pẹ́." Mo wo ojú rẹ̀. Mo rántí. Rachael, tíṣà oníṣirò. Ilé tiwọn náà jó nígbà ìjà. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá. Mi ò bi í pé àwọn wo ló sun ún. Mo mọ àwọn tó sun ún.

Orúnkún ọ̀tún ni. Dókítà ní yóò rìn, ṣùgbọ́n orúnkún náà kò ní í ká bó ṣe ń ká tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ẹsẹ̀ bíréèkì.

Ọmọ náà fẹ́ dìde jókòó nígbà tó rí mi. Mo ní kí ó dùbúlẹ̀ jọ̀ọ́. Ó ní òun ti ṣàlàyé fún Ọ̀gá. Ó ní, "Mo sọ fún wọn pé èmi ni mo pẹ́ sọ ọ́ mà." Ìyá rẹ̀ ń bó ọsàn tí mo mú wá.

Mo fẹ́ sọ ọ́ fún obìnrin yẹn, ohun tí ọmọ rẹ̀ tọrọ lọ́wọ́ mi ní Ẹ̀rìn àti ohun tí mo dá a lóhùn. Ó fún mi ní ọsàn kan nínú ọsàn mi. Mo jẹ ẹ́.

Mọ́ńdè, 6

Ọ̀gá Dígí pè mí. Mo rò pé ọlọ́pàá ló fẹ́ fà mí lé lọ́wọ́. Ó ní àwọn obìnrin ló ń forúkọ sílẹ̀ báyìí, wọ́n ní obìnrin bíi tàwọn làwọn fẹ́ kó kọ́ àwọn. Ó ní eré mi ti dára kí nǹkan tó bàjẹ́. Ó ní Nehemiah kò lè wọ ọkọ̀ mọ́, àti pé Nehemiah gan-an ló ní kí wọ́n fún mi níṣẹ́ náà. Ó na kọ́kọ́rọ́ yàrá sí mi.

Mo la ẹnu. Òtítọ́ wà níbẹ̀, odidi. Mo wo kọ́kọ́rọ́ yẹn.

Mo ní mo dúpẹ́.

Ìyàwó Àkànmú bá mi di ẹrù. Ó tiẹ̀ ń kọrin.

Sátidé, 11

Yàrá náà ní fèrèsé méjì. Ọ̀kan dojú kọ kọ́nà òkìtì. Ta ni màá fẹjọ́ sùn?

Akẹ́kọ̀ọ́ mi àkọ́kọ́ ni Alájì Múdàṣírù, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ará Ìlobù. Ọ̀rẹ́ bàbá ọkọ mi ni wọ́n. Wọ́n ní àwọn ti ń fojú sọ́nà fún eré yìí láti kékeré. Kí a tó gbéra wọ́n ní, "Mùíbátù, mo tó bí ọ lọ́mọ o. Ohùn pẹ̀lẹ́ ni kí o fi bá mi sọ̀rọ̀. Má pariwo mọ́ mi." Mo ní ẹ̀n-ẹ́n, bàbá.

Ẹ̀rù kì í ba bàbá yìí. A dé ojú ọ̀nà gbọọrọ, wọ́n tẹ gáàsì. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Mo rí òkìtì tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́ sà ti wà lẹ́nu mi, ó ti dé eyín. Mo gbé e mì.

"Bíréèkì!"

Ẹsẹ̀ wọn gbọ́ kí etí wọn tó gbọ́. Ọkọ̀ rọlẹ̀, ó gba kọ́nà kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Kò tó ìmí kan.

Wọ́n pa ọkọ̀ sáàárín ọ̀nà, wọ́n bọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní ṣé èmi lò ń pè ní bíréèkì, bí ẹni ń pe kọ́ńdọ́ bọ́ọ̀sì? Ṣé bí ọkọ rẹ ṣe fi ọ́ sílẹ̀ nìyí? Mo bọ́ sílẹ̀, mo kúnlẹ̀ lórí ọ̀dà. Ó gbóná, ó ń jó mi lórúnkún. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù ń wò wá. Mo jẹ́ kí wọ́n bá mi wí títí tó fi tẹ́ wọn lọ́rùn.

Mo ní, "Ẹ má bínú, bàbá. Tí a bá tún débẹ̀, màá tún pariwo."

Wọ́n wo òkìtì yẹn. Ọ̀dà pupa Golf ṣì wà lára rẹ̀. Wọ́n wo orúnkún mi. Wọ́n wọlé padà. A tún débẹ̀. Mo tún pariwo.

Nírọ̀lẹ́, tẹ́ẹ̀sì Nehemiah wọlé sórí fóònù mi. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Treasure ní ẹ pariwo mọ́ Bàbá. Inú mi dùn mà." Mo jókòó tì í pẹ́. Mo kọ ọ́ sí i pé kí ó jọ̀ọ́, kí ó má pè mí ní mà mọ́, pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ pariwo mọ́ mi kí ó pariwo. Mo pa á rẹ́. Mo tún un kọ, mo fi ránṣẹ́.

Ó fèsì kíá.

"Ó dáa mà."